Fáànù Tí Mo Pa Lẹ́nu Mọ́

"Ta ló da aṣọ bo ẹ̀rọ yìí? Mo ní ta ni?"

Ẹ̀yìnkùlé ni mo wà tí mo ń ṣa ẹ̀wà nígbà tí mo gbọ́ igbe Bọ̀dá Lájídé. Mo gbé àwo sílẹ̀, mo sáré wọlé. Òórùn ike tó jóná ti gba gbogbo yàrá rẹ̀. Ó dúró ti kọ̀ǹpútà tó fi ń ya àwòrán ilé, ó di aṣọ híhun Ìyá àgbà mú.

Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá wa, rọra jáde láti yàrá tirẹ̀. "Èmi ni, ọmọ mi. Ọyẹ́ ń da eruku wọlé, mo ní kó má baà..."

"Haba, Ìyá àgbà! Ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ lẹ bò mọ́lẹ̀! Ẹ ti bà á jẹ́! Ọ̀tunla, ọjọ́ Ajé, ni wọ́n ń retí wa ní Lọ́kọ́ja. Kí ni mo fẹ́ sọ fún àwọn ará Odo-Ape?"

Inú bí mi. Ó bí mi sí bọ̀dá mi, pé ó ń jágbe mọ́ arúgbó. Ẹ ò rí àgàbàgebè! Èmi tí mo ba ẹ̀rọ jẹ́ ni inú ń bí. Títí di òní, bí mo bá rántí ọjọ́ Sátidé yẹn, ó máa ń ṣe mí bíi kí n gbá ara mi létí.

Bàbá àti ìyá wa ń ṣe tíṣà ní Ìsánlú, nítorí náà àwa mẹ́ta là ń gbé ilé wa ní Kabba. Ní oṣù kìíní ọdún náà, ẹgbẹ́ aláàánú kan ní Lọ́kọ́ja fẹ́ kọ́ ilé ìwòsàn fún ìlú kan ṣoṣo. Ìlú tí àwòrán tirẹ̀ kò bá dé ọwọ́ wọn kí ó tó di ọ̀sán ọjọ́ Ajé, ó di ọdún mìíràn. Àwọn ará Odo-Ape bẹ Bọ̀dá Lájídé kó bá wọn ya tiwọn. Orí ọ̀kadà ni wọ́n fi ń gbé aláboyún wọn wá sí Kabba, obìnrin méjì sì ti bímọ sójú ọ̀nà láàárín ọdún kan.

Irú àwòrán tí bọ̀dá mi ń yà, èèyàn á máa wò ó bí ẹni tó ń rìn nínú ilé náà gan-an. Káàdì kan wà nínú kọ̀ǹpútà tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Iṣẹ́ náà máa ń mú un gbóná, fáànù mẹ́ta ló sì ń fẹ́ ẹ. Bí iṣẹ́ bá ti wọ̀ ọ́ lára, àwọn fáànù náà á máa hó bí ẹ̀rọ ìlọta, gbogbo ilé la ti ń gbọ́ ọ.

Ìyá àgbà ní tirẹ̀, ohun iyì kankan kì í wà ní ìhòòhò nínú ilé rẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n, rédíò, Bíbélì ńlá bàbá àgbà, gbogbo wọn ló fi aṣọ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ hun bò. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, òun náà gba aṣọ tirẹ̀. Ni Bọ̀dá Lájídé bá kọ́ ọ lófin kan: "Ìyá àgbà, ẹ má wo ojú rẹ̀, nítorí ojú rẹ̀ máa ń ṣókùnkùn nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀, ẹ má bò ó. Bó bá dákẹ́, ó ti sùn nìyẹn." Ìyá àgbà di òfin yìí mú bí òfin Ọlọ́run. Á kọ́kọ́ dúró, á tẹ́tí, kó tó da aṣọ bò ó.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Boaz ti wọ̀ ọ́. Ọmọ kíláàsì mi ni. Àwa kan máa ń fi kọ̀ǹpútà sá eré ìje mọ́tò pẹ̀lú ara wa láti ilé kálukú. Lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ yẹn, ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lójú gbogbo kíláàsì. "Dámilọ́lá, ẹ̀rọ bọ̀dá rẹ ń wọ́ bí ìgbín! Ìyá àgbà rẹ ló ń wà á ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé omi bọ́ lójú wọn. Inú bí mi, mo sì gba ìbínú láyè kó máa darí mi. Nígbà tí a jáde, Boaz fi ohun tí wọ́n ń pè ní ofakílọ́ọ̀kì hàn mí. "Wàá kàn fa ìlà yìí síwájú. Káàdì rẹ á máa sáré ju bí àwọn tó ṣe é ṣe ní kó sáré lọ."

"Kò ní gbóná jù?"

"Ojo! Kí ni fáànù ń ṣe ńbẹ̀?"

Mo fà á síwájú lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tí bọ̀dá mi lọ wọn ilẹ̀ ní Odo-Ape. Àwọn fáànù figbe ta. Láti pálọ̀ ni Ìyá àgbà ti pè, "Lájídé, o ti dé ni?" Mo wá ìlà tó ń darí fáànù, mo fà á sílẹ̀, mo sì tì í síbẹ̀. Ilé dákẹ́ rọ́rọ́.

Lójú kọ̀ǹpútà ni mo ti ń rí bó ṣe ń gbóná. Àádọ́rin dìgírì. Márùndínláàádọ́rùn-ún. Méjìléláàádọ́rùn-ún. Mo rí i o. Ṣùgbọ́n mo ń borí Boaz, ó sì dùn mọ́ mi. Mo ní kí n ṣì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ di ọjọ́ Àìkú.

Ní Ọjọ́bọ̀, Ìyá àgbà pè mí. "Dámilọ́lá, ẹ̀rọ yìí kì í hó mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ṣé kò sí nǹkan tó ṣe é?"

"Bọ̀dá ti tún un ṣe ni, Ìyá àgbà."

Irọ́ gbuu.

Ní àárọ̀ Sátidé, Bọ̀dá Lájídé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó kẹ́yìn, èyí tí ẹ̀rọ á fi odidi ọjọ́ ṣe. Iṣẹ́ kékeré tí kì í mú fáànù hó ló ti ń ṣe láti àárín ọ̀sẹ̀. Ọlọ́kadà ti ń dúró dè é láti gbé e lọ gba ìbuwọ́lùwé àwọn àgbà Odo-Ape, kò sì dúró gbọ́ bóyá fáànù ń hó. Ìyá àgbà wọlé, ó tẹ́tí, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó da aṣọ bò ó, bọ̀dá mi sì dé bá a bẹ́ẹ̀.

"Mo sọ fún yín pé bó bá ń hó, ẹ má bò ó!" Bọ̀dá mi ṣì ń jágbe.

"Kò hó, Lájídé."

"Kò sí bí kò ṣe ní hó! Etí yín ló ti di!"

Ìyá àgbà yíjú sí mi. Ó ń dúró dè mí. Ó rántí ohun tó bi mí ní Ọjọ́bọ̀, ó sì rántí ohun tí mo fi dá a lóhùn. Mo sọ ojú mi sílẹ̀.

Kò jẹun alẹ́. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó ká aṣọ kúrò lórí tẹlifíṣọ̀n, ó ká ti rédíò, ó ká ti Bíbélì, ó sì kó gbogbo wọn sínú báàgì rẹ̀. Ó ní Ẹ̀júkù ni òun ń lọ, ọ̀dọ̀ àbúrò òun. "Wọn ò tíì pè mí ní adití níbẹ̀."

Bọ̀dá Lájídé, tó ti wá irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ káàkiri Kabba láìrí, jókòó láìgbé ojú sókè. Nígbà tí Ìyá àgbà gbé báàgì dé ẹnu ọ̀nà, ara mi kò gbà á mọ́.

"Bọ̀dá, òótọ́ ni Ìyá àgbà sọ. Kò hó. Èmi ni mo pa fáànù lẹ́nu mọ́, kí n lè ráyè ṣeré."

Mo sọ gbogbo rẹ̀. Bọ̀dá mi kò nà mí. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Ìyá àgbà, ó ń bẹ̀bẹ̀. Ìyá àgbà gbé e dìde, ó wá kọjú sí mi, ohùn rẹ̀ sì le bí mi ò ṣe gbọ́ ọ rí.

"Ẹ̀rọ jó, mo gbọ́. Ẹ̀rọ ni. Ṣùgbọ́n wọ́n ń bú mi nítorí rẹ, o sì dúró, o ń wò mí. Ìyẹn ló dùn mí, Dámilọ́lá."

"Ọ̀la o ò lọ sílé ìwé," ni Bọ̀dá Lájídé wí. "Odo-Ape là ń lọ. Ẹnu rẹ ni wọ́n ti máa gbọ́ ọ."

Wọ́n kí wa tọ̀yàyàtọ̀yàyà nígbà tí a dé ibẹ̀. "Òkun o! Òkun o!" ni wọ́n ń wí, bí wọ́n ti ń kíni lágbègbè wa. Wọ́n rò pé a mú àwòrán dání. Mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé. Kò sẹ́ni tó pariwo. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Agatha, tí oyún rẹ̀ ti tó oṣù mẹ́jọ, gbé ọwọ́ lé ikùn, ó tẹjú mọ́ mi.

"Eré?" ló bi mí. "Eré mọ́tò?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," ni mo wí.

Ìlú mìíràn ló gba ilé ìwòsàn náà. Nígbà tí mo kojú Boaz, ó ní, "Ṣé èmi ni mo fà á?" Inú bí mi gan-an, ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ. Ọwọ́ mi ló fà á. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀, àmọ́ eérú tèmi kọ́kọ́ bá Ìyá àgbà, ó sì bá àwọn aláboyún Odo-Ape tí wọn ò mọ̀ mí rí. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá ṣe ohun tí kò dáa, ẹ tètè jẹ́wọ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹlòmíràn jẹ ìyà rẹ̀ níṣojú yín.

Ìyá àgbà kò lọ sí Ẹ̀júkù mọ́. Ó ti tẹ́ gbogbo aṣọ rẹ̀ padà. Bọ̀dá mi ti ra káàdì mìíràn, ó sì ń hó. Bó bá dákẹ́ báyìí, Ìyá àgbà kì í bi mí mọ́ bóyá nǹkan kan ṣe é. Ó máa ń dúró títí Lájídé á fi dé kó tó da aṣọ bò ó.