Ìlà Tó Dọ́gba Jù

Sísín ló bẹ̀rẹ̀ ìfẹ́ àwọn méjèèjì yìí. Ẹ má rò pé mò ń ṣàwàdà.

Ọmọbìnrin náà tẹ̀ ba sórí abọ́ omi kan nínú yàrá iṣẹ́. Ó sé èémí. Ó ki gíláàsì pẹlẹbẹ sábẹ́ ohun kan tí ojú lásán ò fẹ́ẹ̀ rí, ó ń gbé e bọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń gbé ìkókó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn. Ni ilẹ̀kùn bá ṣí. Ni ọkùnrin kan bá yọrí. Ni ó bá sín.

Omi mì. Ohun tó léfòó lórí omi ya, ó sì ká jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́.

"Ta ni ìwọ àgbàyà yìí?"

"Ẹ má bínú, ma. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n ní kí n wá tún ṣe."

"Imú ẹ ni kó o kọ́kọ́ lọ tún ṣe! Odindi iṣẹ́ àárọ̀ mi lo sín dànù yẹn."

Ọkùnrin náà wo inú abọ́. "Omi lásán ni mo rí o."

"Ìyẹn gan-an ni ìṣòro ẹ."

Ẹlòmíì ì bá ti sá lọ. Èyí fọwọ́ di imú, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n dúró wo bí ẹ ṣe máa ṣe òmíràn. Mi ò ní mí." Ọmọbìnrin náà ya ẹnu láti tún bú u, ẹ̀rín ló bọ́ jáde.

Ìyá Iléru ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ kò tíì bímọ. Òun ló ń tọ́jú iléru. Á tẹ́ bàbà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sínú rẹ̀, á jẹ́ kó pọ́n, á fẹ́ gáàsì sí i. Èròjà dúdú tó wà nínú gáàsì náà, ìbátan dúdú inú pẹ́ńsù tí ọmọ ilé-ìwé fi ń kọ̀wé, á wá fara balẹ̀ sórí bàbà ní ìpele kan ṣoṣo. Gráfíìnì nìyẹn. Ẹ to ọ̀kẹ́ mẹ́wàá rẹ̀ léra, agbára káká ni yóò fi nípọn tó irun orí kan. Á fi gọ́ọ̀mù fẹ́lẹ́ bò ó, á fi ásíìdì jẹ bàbà dànù, á sì fi gíláàsì bu ìyókù lórí omi.

Ọkùnrin yẹn ńkọ́? Onílà ni wọ́n ń pe òun. Ojú rẹ̀ dán bí àwo, kò sí ìlà kankan níbẹ̀; ìlà ojú kọ̀ǹpútà ló ń wò láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ilé iṣẹ́ náà fẹ́ fi gráfíìnì ṣe bébà àyà, ohun tínńtín tí aláìsàn ọkàn á lẹ̀ mọ́ àyà, tí á máa gbọ́ bí ọkàn ṣe ń lù, tí á sì máa fa ìlà rẹ̀ sójú fóònù. Bí ọkàn bá ṣi ẹsẹ̀ gbé, fóònù á ké. Obìnrin ń ṣe bébà, ọkùnrin ń kọ́ fóònù láti kà á. Kí ló kù kí wọ́n má fẹ́ra?

Wọ́n fẹ́ra. Ọkùnrin ń pè é ní "Iná mi." Òun náà ń pè é ní "Abìsín." Wọ́n jọ ń jẹ búrẹ́dì kan náà lójú fèrèsé, ẹni tó bá kọ́kọ́ débẹ̀ á gbé ibi tó rọ̀ sílẹ̀ de ìkejì rẹ̀.

Màmá Onílà ni kò fẹ́. Ọ̀gá ilé-ìwé ni obìnrin náà kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì tíì fẹ̀yìn tì nílé.

"Obìnrin tó pè ẹ́ ní àgbàyà kó tó mọ orúkọ ẹ? Lẹ́yìn ikú mi ni!"

Ọ̀rọ̀ àgbà ni. Ó yẹ kí ẹnìkan ti sọ pé kí Màmá tu ọ̀rọ̀ ikú yẹn dànù lẹ́nu. Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀.

Ìdààmú kejì wà níbi iṣẹ́. Ariwo tí ayé ń pa lórí gráfíìnì pọ̀ ju gráfíìnì fúnra rẹ̀ lọ. Wọ́n ní ó le ju irin, wọ́n ní iná ń sáré gba inú rẹ̀ kọjá. Òótọ́ ni, tó bá kéré bí èékánná, tó sì jókòó sórí gíláàsì. Ṣùgbọ́n gíláàsì kì í làágùn. Gíláàsì kì í bẹ̀rẹ̀ mú bàtà. Lára èèyàn, bébà Ìyá Iléru ń ya.

Ọ̀gá àgbà pè é. "Tó bá tún ya lẹ́yìn oṣù yìí, màá pa iléru yẹn, màá máa ra ti àwọn ẹlòmíì."

Ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ sunkún lójú Onílà. Ọmọkùnrin náà fà á mọ́ra. Ó ń fi àtàńpàkò nu ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ wà lọ́nà jíjìn.

Kò pẹ́ sígbà náà, bébà bẹ̀rẹ̀ sí í yege. Gbogbo ìdánwò ló ń yege. Ìyá Iléru fúnra rẹ̀ wo bébà kan lábẹ́ awò tó ń sọ kékeré di ńlá, ó rí ihò níbẹ̀ kedere. Bébà kan náà dé ọ̀dọ̀ Onílà, ìlà rẹ̀ jáde láìlábùkù. Ó yà á lẹ́nu. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn, inú dídùn sì máa ń di èèyàn lójú ju ẹkún lọ.

Ilé ìwòsàn ńlá kan gbọ́. Wọ́n ní àwọn máa wá wò ó, pé tó bá tẹ́ àwọn lọ́rùn, gbogbo aláìsàn ọkàn tó wà lọ́dọ̀ àwọn ló máa lẹ̀ ẹ́. Ọ̀gá àgbà ní kí ẹnìkan kọ́kọ́ lò ó ṣáájú. Ọkàn Màmá Onílà ti ń ṣe ségesège tipẹ́.

"Torí ọmọ mi ni mo ṣe gbà o," ni Màmá wí nígbà tí Ìyá Iléru ń lẹ bébà mọ́ ọn láyà. "Ọwọ́ ẹ tutù jù."

"Ẹnu mi ló ń gbóná, Màmá. Wọn ò lè jọ gbóná pọ̀."

Ẹ̀rín fẹ́ mú Màmá, ó gbé e mì.

Ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan, Ìyá Iléru lọ pààrọ̀ bébà. Ó bá Màmá lórí àga, fáànù ń fẹ́ ẹ, síbẹ̀ òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀.

"Ṣé ara yín le, Màmá?"

"Ó rẹ̀ mí díẹ̀ ni. Àbí o fẹ́ kọ́ mi ní ara mi? Fóònù ní mo dáa."

Ìyá Iléru gbé fóònù. Ìlà náà rẹwà. Ó ń gòkè, ó ń sọ̀, ó ń gòkè. Kò sí èyí tó ga ju ìkejì, kò sí èyí tó yá, kò sí èyí tó pẹ́. Lílù kọ̀ọ̀kan jọ èyí tó ṣáájú rẹ̀ bí ìbejì. Ó wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Ọkàn wo ló ń rìn báyìí? Ẹni tó bá ń mí, ọkàn rẹ̀ á yára díẹ̀, á fà díẹ̀.

Kò béèrè àyè. Ó gbé etí lé àyà Màmá.

"Kí lò ń ṣe, ọmọ yìí?"

"Ẹ dákẹ́, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́."

Ó gbọ́ bí ọkàn Màmá ṣe ń lù. Ó ń sáré, ó kọsẹ̀, ó dákẹ́. Ó dákẹ́ jù. Ó tún sáré. Lójú fóònù, ìlà náà ń lọ geere bí ọmọ tó ń lọ sílé-ìwé.

Ọkọ̀ aládùúgbò ni wọ́n fi gbé Màmá. Dókítà tó gbà á kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n: "Ká ní ẹ ṣì ń wo fóònù ni, òkú lẹ ò bá gbé wá."

Onílà sáré dé, ó bá a lẹ́bàá ògiri níta ilé ìwòsàn.

"Sọ fún mi," ni Ìyá Iléru wí. "Kí ló ń fa ìlà yẹn?"

Ó fẹ̀yìn ti ògiri. "Tí bébà bá ya, ìlà máa ń já. Mo... mo kọ́ ẹ̀rọ pé tó bá ti já, kó mú lílù tó dáa tó gbẹ̀yìn, kó fi dí àlàfo náà. Torí ìdánwò nìkan ni. Mo fẹ́ yọ ọ́ tó bá yá."

"O fi dí i."

"Wọ́n fẹ́ pa iléru ẹ! O sunkún, Iná mi. Mi ò lè fara da omi ojú ẹ."

"Lo wá gbé e lé àyà ìyá ẹ?"

"Mo ti gbàgbọ́ pé kò ya mọ́. Ìlà yẹn dáa tó bẹ́ẹ̀ tí èmi alára gbà á gbọ́."

Ẹ gbọ́ ohun tí ìfẹ́ lè ṣe. Ó parọ́ fún ayé, ó sì jókòó ti irọ́ náà títí ó fi gbà á gbọ́.

Wọ́n wọlé. Ẹ̀gbọ́n Onílà obìnrin, télọ̀ tí gbogbo ilé ń bẹ̀rù, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn.

"Ìwọ! Bébà ẹ ló fẹ́ pa ìyá wa! Torí wọ́n kọ̀ ẹ́ ni, àbí kí la ṣe ẹ́?"

Ìyá Iléru, ẹni tí ẹnu rẹ̀ ń gé bí abẹ, kò fèsì. Ó yíjú sí Onílà. Ó dúró dè é. Màmá náà la ojú, ó ń wo ọmọ rẹ̀.

Onílà wo ilẹ̀.

Ó wo ilẹ̀ títí ìdákẹ́jẹ́ náà fi gùn ju èyí tó wà láyà Màmá lọ.

"Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n," ni Ìyá Iléru wí níkẹyìn. "Bébà mi ya." Ó sì jáde.

Onílà sáré tẹ̀ lé e, lẹ́nu ọ̀nà ló sì ti sọ fún un: "Àwọn dókítà tó fẹ́ wá wo bébà ń bọ̀ lọ́la. Tó ò bá sọ ọ́ lẹ́nu ara ẹ, èmi máa sọ ọ́. Bí mo ṣe nífẹ̀ẹ́ ẹ tó yìí, màá sọ ọ́."

Onílà sọ ọ́, ká má purọ́ mọ́ ọn. Lójú ọ̀gá àgbà, lójú àwọn àlejò, ó yọ ohun tó fi dí àlàfo kúrò. Ìlà tó kù já wẹ́lẹwẹ̀lẹ bí aṣọ tí eku jẹ. Ẹnìkan nínú àwọn dókítà fọwọ́ bo ẹnu. Wọ́n lé Onílà lójú ẹsẹ̀. Wọ́n dá bébà àyà padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ọdún mélòó kan ni yóò gbà, kò sẹ́ni tó mọ̀. Iléru nìkan ni wọn ò pa, torí Ìyá Iléru ní kí wọ́n jẹ́ kí òun wá ohun rírọ̀ tí gráfíìnì á gùn lé lórí, tí yóò máa bá a tẹ̀, tí yóò máa bá a nà.

Màmá gbádùn. Télọ̀ ti gbọ́ òótọ́, ó wá tọrọ àforíjì, ó ní ọ̀fẹ́ lòun máa rán aṣọ ìgbéyàwó. Màmá fúnra rẹ̀ ránṣẹ́ pe Ìyá Iléru.

"Ìyàwó mi."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Ìyá Iléru bú sẹ́kún.

"Mo gbà ẹ́. Ẹnu tó mú ló gbà mí là. Ìgbà wo lẹ fẹ́ ṣe é?"

"Màmá, ẹ má bínú," ló sọ láàárín ẹkún. "Ẹ̀yin ni mo rí gbà. Òun ni mi ò mọ̀ bóyá mo lè fẹ́."

Onílà ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà ibi iṣẹ́, páálí ẹrù rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ti rù.

"Torí ìfẹ́ ni mo fi ṣe é, Iná mi."

"Mo mọ̀. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Tó bá jẹ́ torí ìkà ni, ǹ bá mọ bí mo ṣe máa ṣọ́ ẹ."

"Mi ò ní ṣe é mọ́."

"Jẹ́ kí n bi ẹ́ léèrè. Má yára dáhùn." Ó di páálí náà mú níhà tiẹ̀, àfi bíi pé wọ́n fẹ́ jọ gbé e. "Ká ní a ti ṣègbéyàwó. Ọmọ wa ń ṣàìsàn. Ìwọ nìkan ni dókítà bá sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà ò sì dáa. O wọlé, o bá mi, ẹ̀rù ti ń bà mí, omijé ti kún ojú mi. Kí lo máa sọ fún mi?"

Onílà di páálí náà mú ṣinṣin. Ó wo ojú rẹ̀, kò wo ilẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Omi dé ojú òun náà.

"Màá sọ pé kò sí nǹkan," ló wí.

Ìyá Iléru mi orí. Ó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ tutù rinrin.

"O ṣeun tó o sọ òótọ́ fún mi, olólùfẹ́ mi."

Ó fi páálí sílẹ̀ fún un, ó sì wọlé.