Ilà Ìbú Lórí Èékánná

Orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ti bá òkú agbẹ̀bí àgbà kan, ìrọ̀rí bò ó lójú, ilẹ̀kùn ìta ṣì wà ní títì. Ẹni méjì péré ló wà nílé: àbúrò rẹ̀ ọkùnrin àti ìyàwó ọmọ rẹ̀. Àwọn méjèèjì ní ibà ló dá àwọn dùbúlẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyàwó ti bá ìyá ọkọ rẹ̀ jà lọ́sẹ̀ yẹn. Kí ni àwọn ọlọ́pàá tún ń wá? Wọ́n tì í mọ́lé.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹjọ́ náà dé ọwọ́ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tí wọ́n ń pè ní Ìyá Awòfín. Ó wọ yàrá ìyàwó. Àga tí olóògbé máa ń jókòó sí láti tọ́jú ìyàwó ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, pẹ̀lú abọ́ àti aṣọ ìnujú tó ti gbẹ. Ó dà bíi pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde níbẹ̀.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, ó pe bàbá, àbúrò olóògbé.

"Bàbá, ẹ ní ibà fẹ́rẹ̀ẹ́ pa yín?"

"Háà, ọmọ mi! Ọjọ́ mẹ́wàá ni mi ò mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Wo èékánná mi, gbogbo rẹ̀ ló ti di ilà."

Ilà wà níbẹ̀ lóòótọ́, tín-ín-rín, láti ìdí dé ṣóńṣó.

Wọ́n mú ìyàwó wọlé. Ó ti rù hangogo.

"Àbúrò mi, na ọwọ́ rẹ," ni Ìyá Awòfín wí fún un.

Ilà kan ṣoṣo, tó jìn, dá èékánná kọ̀ọ̀kan ní ìbú, láàárín gan-an. Irú rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ Ìyá Awòfín náà rí, lọ́dún tí àìsàn fẹ́ gbé e tẹ̀lé ọkọ rẹ̀ tó ti kú lọ. Ó ní kí wọ́n mú ìyàwó lọ sí yàrá kejì.

"Bàbá, ọjọ́ orí ló fa ilà òòró tiyín. Èmi náà ti ń ní in. Àìsàn tó bá fẹ́ pa èèyàn ló ń dá èékánná dúró, tó ń fi ilà ìbú síbẹ̀. Èékánná sì ń lo bí oṣù mẹ́fà kó tó dàgbà dé ṣóńṣó. Ti ìyàwó ti dé àárín: oṣù mẹ́ta. Tiyín dà?"

Bàbá kó ọwọ́ sábẹ́ tábìlì.

"Ogún ọdún ni ẹ̀gbọ́n mi fi ń bi mí pé ta ló fi mọ́tò pa ọkọ òun, tó sá lọ. Lọ́jọ́ yẹn ló wò mí lójú, ó ní, 'Àbúrò mi, ṣé ìwọ ni?' Èmi ni. Ẹ̀rù bà mí, mo gbé ìrọ̀rí." Ó bú sẹ́kún. "Ìyàwó ń ké láti yàrá rẹ̀ pé, 'Màmá, ẹ fún mi lómi.' Mo ṣì ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́."

Ìyá Awòfín ṣílẹ̀kùn, ó ní kí wọ́n tú ìyàwó sílẹ̀.

"Ẹ ṣé, mà." Ohùn ìyàwó ti há. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi lómi."

Bàbá fi ọwọ́ méjèèjì di etí.