Ọjọ́ Tí Ọkọ Mi Ní Kí N Yan Òtẹ́ẹ̀lì

Àlùbọ́sà ló da èmi àti ọkọ mi pọ̀. Nígbà náà, mò ń se oúnjẹ fún àwọn òṣìṣẹ́ nínú ọgbà iléeṣẹ́ kan tó ń ra ewé tíì lọ́wọ́ àwọn tó ń gbìn ín. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan gbé abọ́ rẹ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ta ló se ọbẹ̀ yìí?"

"Èmi ni. Kí ló ṣe é?"

"Kò ṣe nǹkan kan o. Àlùbọ́sà tẹ́ ẹ fi sè é ló ti hù."

Mo wò ó láti òkè délẹ̀. Òótọ́ ló sọ. Ọwọ́ mi ni mo fi gé èéhù àlùbọ́sà náà dànù láàárọ̀. Ṣùgbọ́n ta ló bi í?

"Ṣé ẹ̀yin lẹ gbìn ín ni?" Mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú.

Nígbà tí mo béèrè lọ́wọ́ àwọn yòókù, ẹ̀rín ni wọ́n fi dá mi lóhùn. Wọ́n ní Ahọ́n nìyẹn, pé iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa tọ́ tíì wò. Wọ́n á to ife bí ogójì kalẹ̀, á fi ṣíbí bu díẹ̀, á fà á sẹ́nu pẹ̀lú ariwo, á tu ú dànù, á sì sọ èyí tí iléeṣẹ́ máa rà. Tó bá ti ní kò dáa, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn.

Láti ọjọ́ náà, kò sí ọ̀sẹ̀ tí kì í gbé abọ́ wá. Èéfín ti wọ ìrẹsì. Òróró yìí ti pẹ́ nínú ike. Mo kórìíra ọkùnrin yẹn débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í wọ aṣọ tó dáa wá síbi iṣẹ́. Lọ́jọ́ kan, abọ́ òfìfo ló gbé wá.

"Kí ló tún dé lónìí?"

"Mi ò rí àléébù kankan. Mo wá a títí." Bàtà rẹ̀ ló ń wò. "Ṣé ẹ máa fẹ́ mi?"

Bá a ṣe fẹ́ra nìyẹn. A bí ìbejì, a gba ilé oníyàrá méjì, ayé ń lọ. Ṣùgbọ́n ohun kan ń jẹ mí lọ́kàn. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún ni ọkọ mi máa ń lọ sí ìlú tí wọ́n ti ń ta ewé tíì, fún odidi ọdún mẹ́jọ, kò sì sọ ọ́ rí pé ká jọ lọ. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo bínú. Mo tiẹ̀ ṣe bí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá.

"Ìyá Ìbejì, iṣẹ́ ni mò ń lọ ṣe," ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ kò ju ìyẹn lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní, "Máa sùn o! Ọkùnrin tó ń sùn síta tó báyìí, tí kò mú ìyàwó dání rí, ta lò ń rò pé ó ń palẹ̀ bẹ́ẹ̀dì fún un?"

Ìyá ọkọ mi ní tiẹ̀ ní, "Fi ọmọ mi sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Bàbá rẹ̀ rìnrìn-àjò títí, mi ò sìn ín dé gáréèjì rí."

Èmi wà láàárín àwọn méjèèjì. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ kò pọ̀. Ṣé èmi ni ọkọ mi fẹ́, àbí oúnjẹ mi?

Lọ́dún tó kọjá, ibà kan dá a dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tó tó oṣù mẹ́rin tó ti gbádùn, ó wá jókòó tì mí, ó di ọwọ́ mi mú.

"Ìfẹ́ mi, jẹ́ ká jọ lọ lọ́tẹ̀ yìí. Ìwọ ni kó o yan òtẹ́ẹ̀lì. Ìwọ ni kó o yan ibi tá a ti máa jẹun. Ibi tó bá ti wù ẹ́ ló wù mí."

Mo fò mọ́ ọn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bì í ṣubú. Ọdún mẹ́jọ!

Ẹ wò ó, mo yan òtẹ́ẹ̀lì bí ẹni ń yan ọkọ fún ọmọ. Èyí tí iléeṣẹ́ máa ń fi í sí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìkẹ́rùsí, àwọn tírélà kì í sì jẹ́ kéèyàn sùn níbẹ̀. Ọ̀kan wà tó ní odò ìlúwẹ̀ẹ́, àmọ́ àwọn tó ti dé ibẹ̀ kọ ọ́ sórí fóònù pé omi gbígbóná kì í yọ. Ẹ̀kẹta kéré, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí odò, ẹsẹ̀ sì lè gbé ọkọ mi débi iṣẹ́ láàárín ogún ìṣẹ́jú. Mo ka gbogbo ohun táwọn èèyàn kọ nípa rẹ̀, títí kan ti obìnrin kan tó ń ráhùn pé ìrọ̀rí wọn le. Òun ni mo mú, ọ̀gá ọkọ mi sì gbà pé iléeṣẹ́ máa sanwó rẹ̀.

Mo wá kọ ilé oúnjẹ mẹ́rin sínú ìwé. Mo yọ gbogbo ibi tí wọ́n ti ń se ata kúrò, torí ẹni tó máa tọ́ tíì wò lọ́la kì í jẹ ata lónìí. Mo wá ibi tí wọn kì í ti í mu sìgá, nítorí imú rẹ̀. Mo fi iṣẹ́ rẹ̀ sọ́kàn ju bí òun alára ṣe ń ṣe lọ.

A kó ìbejì fún ìyá ọkọ mi, a gbéra.

Ní ọjọ́ tá a dé, a lọ sí ilé oúnjẹ àkọ́kọ́. Ẹja ni wọ́n gbé wá. Bí mo ṣe fi kan ẹnu, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Iyọ̀ tó wà nínú ẹja yẹn, ó tó gbogbo àdúgbò jẹ. Mo wo ọkọ mi, mò ń retí kó gbé abọ́ dìde kó wá kíṣìnnì wọn lọ. Àní sẹ́, ó jẹ ẹ́ tán, ó nu ẹnu.

"Ó dùn gan-an, aya mi. O mọ ibi yàn."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ibi tí wọ́n ti ń tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì la lọ. Ọbẹ̀ wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan. Ọkọ mi ní kí wọ́n bu òmíràn sí i fóun. Ọkàn mi já. Nílé, mi ò lè fura, torí ọbẹ̀ tèmi kì í ní àléébù, kí n má purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n èyí? Mo jáde síta, mo pe ẹ̀gbọ́n mi.

"Kò ráhùn mọ́."

"Yéè! Ó ti bàjẹ́! Ọkàn rẹ̀ ti wà lọ́dọ̀ ẹlòmíràn nìyẹn, kò tiẹ̀ mọ ohun tó ń jẹ mọ́. Tú fóònù rẹ̀ wò!"

Ojú tì mí, àmọ́ mo tú u. Fọ́tò àwọn ìbejì, fọ́tò ewé, ìpè ìyá rẹ̀. Kò sí obìnrin kankan. Ìyẹn wá dẹ́rù bà mí ju kí n rí ọ̀kan lọ.

Nígbà tó jáde láti ilé ìwẹ̀, mo ti po tíì fún un nínú yàrá. Àwọn òtẹ́ẹ̀lì máa ń fi ṣúgà àti iyọ̀ sínú bébà kékeré kékeré. Iyọ̀ mẹ́ta ni mo dà sí i. Ó gbé e, ó mu ún dé ìdajì.

"Tíì yìí dáa," ló wí.

"Bàbá Ìbejì, iyọ̀ ni mo fi pò ó."

Ó rọra gbé ife kalẹ̀.

"Láti ìgbà ibà yẹn ni," ó wí. "Imú mi ò gbóòórùn, ẹnu mi ò mọ adùn, kò mọ ìkorò. Bíi kéèyàn máa jẹ bébà ló rí. Ojú ni mo fi ń wo ewé láti oṣù mẹ́rin yìí, mò ń ṣí ìwé tí mo ti kọ tẹ́lẹ̀ wò, mò ń méfò."

"Ẹ ò sì sọ fún mi?"

"Ọ̀la ni ogójì ife, ọ̀gá wa fúnra rẹ̀ ń bọ̀. Ewé odidi ọdún kan la máa rà." Ó gbé ojú sókè. "Ẹnu rẹ dáa, olólùfẹ́ mi. Mo ti sọ fún wọn pé o ti ń kọ́ iṣẹ́ náà lọ́dọ̀ mi. Wàá máa tọ́ ọ wò lẹ́yìn mi. Èyí tó bá dáa, kó o fọwọ́ kan etí rẹ."

Inú bí mi débi pé mi ò rántí bọ̀wọ̀ fún un mọ́.

"Ohun tó o ṣe mú mi wá nìyẹn? Ọdún mẹ́jọ ni mo fi bẹ̀ ẹ́! Ọdún mẹ́jọ! Mo jókòó, mò ń yan òtẹ́ẹ̀lì, mò ń yan ilé oúnjẹ bí ìyàwó tuntun, kò sì sí èmi nínú ọ̀rọ̀ náà. Ahọ́n mi lo gbé rìnrìn-àjò!"

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù ló bà mí."

"Àti bẹ̀rù, àti purọ́!"

Mo wọ ilé ìwẹ̀, mo ṣí omi kó má gbọ́ ẹkún mi. Ẹkún tiẹ̀ náà, mo gbọ́ ọ. Mo jáde, mo di ẹrù mi. A ò jọ sọ̀rọ̀ mọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Láàárọ̀, ó jáde láìbẹ̀ mí. Mo jókòó ti báàgì mi, mo pe ìyá rẹ̀.

"Ìyá, ṣé ẹ mọ̀ pé ẹnu ọmọ yín kò mọ nǹkan kan mọ́?"

"Mo mọ̀. Ọbẹ̀ mi jóná lóṣù méjì sẹ́yìn, ó ní kí n bu kún un. Èmi ni mo bí i. Mo bi í léèrè, ó bú sẹ́kún, ó ní kí n má sọ fún ọ."

"Kí ló dé tí mi ò gbọ́dọ̀ mọ̀?"

"Ó ní torí ẹnu òun lo ṣe fẹ́ òun. Ó ní tó ò bá rí ẹnu yẹn mọ́, kí lo tún fẹ́ bá òun jókòó ṣe? Ìyàwó mi, dákun, lọ bá a."

Mi ò mọ̀gbà tí mo jáde. Ohun tí mò ń bi ara mi láti ọdún mẹ́jọ, òun náà ń bi ara rẹ̀.

Nígbà tí mo dé ibi iṣẹ́ náà, ogójì ife funfun wà lórí tábìlì gígùn kan. Ọ̀gá wọn káwọ́ gbera, àwọn tó ń tajà dúró lápá kejì. Mo kí wọn, mo gba ṣíbí kan. Ọkọ mi fa ti àkọ́kọ́ sẹ́nu, ó tu ú. Mo tọ́ ọ wò lẹ́yìn rẹ̀. Ó dáa. Mo ti pinnu láti bá a pa irọ́ náà, kí n tó wá máa bá a jà nílé. Mo fọwọ́ kan etí mi.

Ó rí mi. Ó wò mí pẹ́. Ó wá gbé ṣíbí rẹ̀ sílẹ̀.

"Ọ̀gá, mi ò lè tọ́ tíì wò mọ́. Ó ti tó oṣù mẹ́rin. Ẹnu ìyàwó mi ni mo fẹ́ fi purọ́ fún yín lónìí. Àná ló ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Ọ̀gá náà mi orí.

"Ahọ́n, lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá? Ẹ máa lọ sílé. A ó pè yín."

Gbogbo wa mọ̀ pé wọn ò ní pè é. Kó tó di ọ̀sán, òtẹ́ẹ̀lì ti wá sọ fún wa pé iléeṣẹ́ ò gba yàrá náà mọ́.

Mo ti gbé báàgì mi dé ẹnu ọ̀nà. Ọkọ mi ṣì jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì.

"Mi ò fẹ́ ká tíì lọ sílé," ó wí. "Ó ku ọjọ́ méjì. Mi ò níṣẹ́ níbí mọ́, mi ò ní tíì tẹ́nì kan máa bá mi tọ́ wò. Ìwọ nìkan ni mo fẹ́ bá wà níbí. Tó o bá gbà."

Inú ṣì ń bí mi, kí n má tàn yín. "Èmi ò yan òtẹ́ẹ̀lì mọ́ láyé mi. Ẹ lọ yàn án fúnra yín."

Ó lọ. Wákàtí méjì ló lò kó tó dé, òógùn bò ó. "Mo ti rí ọ̀kan," ó wí, ojú rẹ̀ ń dán.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibi tí ọkùnrin yìí yàn! Ẹ̀yìn ọgbà àwọn mẹkáníìkì ni. Ògiri ni fèrèsé kọjú sí, ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ ò pa dé, bẹ́ẹ̀dì sì ti jìn láàárín. Ó ra búrẹ́dì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ó tò wọ́n sórí àpótí kan, ó wá dúró, ó ń wo ojú mi.

"Ṣé ó dáa?"

"Kò dáa rárá. Mi ò dé òtẹ́ẹ̀lì tó burú tó báyìí rí."

"Ṣé ká wá ibòmíràn?"

Mo bọ́ bàtà mi. "Rárá," mo wí. Mo dùbúlẹ̀, mo ní kó wá. Bí òun náà ṣe dùbúlẹ̀, bẹ́ẹ̀dì jíjìn yẹn yí wa pọ̀ sáàárín, èmi tí mo ṣì ń bínú, òun tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ mọ́. Mi ò sún kúrò.