Sípíkà Tó Ń Dún Láti Gbogbo Ẹ̀gbẹ́

Oníṣọ́ọ̀bù náà pa fáànù kí ariwo rẹ̀ má baà dí wọn lọ́wọ́, ó sì tan sípíkà àkọ́kọ́.

"Ojú kan ni èyí kọ sí," ni ó wí. "Di ojú rẹ, kí o na ìka síbi tí orin ti ń wá."

Ọmọ Aránṣọ di ojú, ó nàka. Nígbà tó lajú, ìka rẹ̀ dojú kọ sípíkà náà gan-an.

Oníṣọ́ọ̀bù wá tan èkejì. Èyí ga, ó rí róbótó bí òpó, wọ́n sì fi nẹ́ẹ̀tì dúdú yí i ká. Orin náà kún ṣọ́ọ̀bù. Ó dà bíi pé inú ògiri ló ti ń jáde, bíi pé òrùlé ló ń kọrin. Ọmọ Aránṣọ na ìka. Nígbà tó lajú, ògiri lásán ló nàka sí.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ pàtẹ́wọ́. Òun ni olórí ẹgbẹ́ oníjó ilé ìwé wọn, Ọ̀gá Ijó ni gbogbo wọn sì ń pè é. "Èyí ni! Ibi yòówù ká dúró sí, bákan náà la ó máa gbọ́ ọ. Gbé e, jàre!"

"Ẹ fara balẹ̀," ni oníṣọ́ọ̀bù wí. "Irú yàrá wo ni? Kápẹ́ẹ̀tì wà nílẹ̀? Kọ́tìnì ńkọ́?"

"Sìmẹ́ńtì ni, sà. Kò sí kọ́tìnì," ni Ọmọ Aránṣọ dáhùn.

Ọkùnrin náà fajú ro. "Àyè ni èyí tó ń tú ohùn yíká máa ń fẹ́. Kí ó jìnnà sí ògiri, kí nǹkan rírọ̀ sì wà nínú yàrá. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ohùn á máa ta káàkiri, ẹ ò sì ní mọ ibi tí nǹkan kan ti ń dún mọ́. Ta ló fẹ́ máa gbọ́ ọ?"

"Bàbá mi àgbà."

"Kí ló dé tí o ò mú wọn wá?"

Ọmọ Aránṣọ wolẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ìyá rẹ̀ ti sọ fún un, pẹ̀lú òwú lẹ́nu, pé, "Mú Bàbá dání o. Etí wọn ni kí ẹ fi yan sípíkà náà." Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, Bọ̀dá Atukọ̀, tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi, ló fi owó sípíkà ránṣẹ́, tó sì ṣèlérí pé òun yóò sọ pálọ̀ di yàrá ìgbọ́rin fún bàbá òun. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá Ijó náà ti ṣèlérí tirẹ̀: bí Ọmọ Aránṣọ bá lè rí ibi tí wọn yóò ti máa dánra wò ṣáájú ìdíje ijó, wọn yóò gbà á sínú ẹgbẹ́. Láti ọjọ́ tó ti wọ ilé ìwé náà, kò sẹ́ni tó tíì yàn án sí nǹkan kan rí.

"Ara wọn ò yá, sà. Àwọn ló ní kí n bá àwọn yàn án."

"Ṣé wọ́n máa ń rìn káàkiri nínú yàrá náà?"

"Rárá, sà. Orí àga ni wọ́n máa ń wà."

Irọ́ náà rọrùn lẹ́nu rẹ̀ débi pé ó bà á lẹ́rù. Kò sọ pé Bàbá ò ríran.

Káfíńtà ni Bàbá kí ojú rẹ̀ tó lọ. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kan ilẹ̀kùn ẹ̀yìn pálọ̀, èyí tó ṣí sórí àtẹ̀gùn gígùn tó sọ̀ kalẹ̀ sí àgbàlá, tí kò ní ibi ìdìmú kankan. Lórí pẹpẹ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn náà ni rédíò àtijọ́ kan wà, wọn kì í pa á lójúmọmọ. Bí Bàbá bá jáde láti iyàrá rẹ̀, á jẹ́ kí rédíò náà wà ní etí òsì, á sì rìn tààrà dé ìdí àga rẹ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni tó ń ka ìròyìn yẹn ni ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà mi," ni ó máa ń wí. "Kò sì tíì sùn lẹ́nu iṣẹ́ rí."

Méjì nínú èyí tó ń tú ohùn yíká ni Ọmọ Aránṣọ rà lọ sílé, ó sì gbé wọn ti ògiri lọ́tùn-ún lósì, kí àyè ijó lè wà láàárín. Ó gbé rédíò àtijọ́ lọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì ń gba ìròyìn láti inú fóònù sínú sípíkà. Nígbà tí Bàbá jókòó gbọ́ ọ, ó ń yí orí bí ẹni tí wọ́n ń pè nínú igbó.

"Ìyá mi," ni ó wí. Bó ṣe ń pe Ọmọ Aránṣọ nìyẹn, nítorí ọmọbìnrin náà jọ ìyá tó bí Bàbá. "Níbo ni ọ̀gbẹ́ni mi wà?"

"Inú sípíkà, Bàbá. Ibi gbogbo ló wà báyìí."

"Ẹni tó wà níbi gbogbo, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ ibi tó wà?" Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ò pẹ́.

Lẹ́yìn náà ni Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúnkún kọlu nǹkan, orúnkún rẹ̀ sì ń bó. Ìyá Ọmọ Aránṣọ rí i nídìí oúnjẹ alẹ́. "Bàbá, kí ló ṣe yín lẹ́sẹ̀?"

"Yàrá yẹn ò ní igun mọ́. Ìyá mi, bá mi dá rédíò mi padà síbi tó wà."

Ṣíbí dúró lọ́wọ́ Ọmọ Aránṣọ. Lórí pẹpẹ yẹn ni àwọn oníjó ń kó báàgì wọn sí. "Ó dọ̀la, Bàbá," ni ó wí.

Ọ̀la dé, ó tún di ọ̀la. Bí ìyá rẹ̀ bá ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ, àwọn oníjó á dé. Bàbá kì í jáde mọ́ nígbà tí wọ́n bá ń jó. Ṣùgbọ́n bí Ọmọ Aránṣọ bá ṣe ń yípo, á máa rí ọwọ́ ilẹ̀kùn iyàrá Bàbá tí ń lọ sílẹ̀, á dúró díẹ̀, á sì rọra padà sókè.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Ọ̀gá Ijó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn gbayawu. "Ooru yìí fẹ́ pa èèyàn! Ẹ yí i sókè, ẹ jẹ́ á tún un jó!"

Ọwọ́ ilẹ̀kùn Bàbá lọ sílẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, kò padà sókè.

Bàbá jáde pẹ̀lú ife omi lọ́wọ́. Ó dúró, ó dẹtí. Orin ń pè é láti ọ̀tún, láti òsì, láti ẹ̀yìn. Afẹ́fẹ́ tútù fẹ́ sí i lójú, ó sì kọrí síbẹ̀ bí ẹni tó ti rí ọ̀nà.

"Bàbá! Ẹ dúró!"

Ó gbọ́. Ó dúró ní ẹnu ilẹ̀kùn náà gan-an, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ìyá mi, níbo lo wà?" Ó yípadà láti wá a, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì fà sẹ́yìn, kò bá ilẹ̀.

Orin ń lọ.

Àwọn oníjó kó báàgì wọn. "Ṣé àwa la ní kí wọ́n jáde ni?" ni Ọ̀gá Ijó wí lẹ́nu ọ̀nà. "Má dárúkọ mi o."

Eegun ìbàdí Bàbá ló ṣẹ́. Ní ọsibítù, Ọmọ Aránṣọ jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Obìnrin náà ò nà án. Ó ń ṣa òwú kúrò lára aṣọ rẹ̀, ó ń ṣà á, títí kò fi sí òwú kankan níbẹ̀ mọ́, ó ṣì ń ṣà á. "Ṣebí mo ní kí o mú wọn dání," ni ó wí.

Ọmọ Aránṣọ dá sípíkà méjèèjì padà.

"Ṣé wọn ò fẹ́ràn rẹ̀ ni?" ni oníṣọ́ọ̀bù bi í.

"Wọn ò ríran, sà. Mi ò sọ fún yín."

Ọkùnrin náà pa orin tó ń dún nínú ṣọ́ọ̀bù. Ó gbé sípíkà tó kọjú síbi kan wá.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kà mí, bí wọ́n bá rán yín láti yan nǹkan fún ẹlòmíràn, ẹ má yàn án fún ara yín. Ẹgbẹ́ tí ẹ fi irọ́ wọ̀ kò ní dúró tì yín lọ́jọ́ ìṣòro. Bí wọ́n bá sì bi yín ní ìbéèrè tí ẹnu yín ń sá fún, ẹ dáhùn rẹ̀ lóòótọ́ níbẹ̀ yẹn, kí ó tó pẹ́ jù.

Orí àga onítáyà ni Bàbá fi padà wálé. Rédíò àtijọ́ ti padà sórí pẹpẹ rẹ̀. Bàbá gbọ́ ohùn rẹ̀, ojú rẹ̀ tàn.

"Ọ̀gbẹ́ni mi ti padà sẹ́nu iṣẹ́!" ni ó wí, ó sì na ìka sí i tààrà. Kò tàsé.

Ọmọ Aránṣọ di ọwọ́ àga náà mú. Bàbá ò lè fẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ̀lé ohùn náà mọ́, òun ló ní láti máa tì í débẹ̀ báyìí.