Àwọn Onílé Ò Sí Nílé

Ilé àtijọ́ ló gbé ayàwòrán kan wọ̀lú. Ó fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ ya àwọn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì onígi tí àwọn àlejò ń torí wọn rìn jìnnà. Ṣùgbọ́n gbàrà tó rí ọmọbìnrin tó ń mú àlejò kiri, ọ̀rọ̀ yí padà.

"Fèrèsé wo lẹ ń yà tó ní ojú àti imú?" ọmọbìnrin náà yọjú wo ìwé rẹ̀.

"Èyí tó ń rẹ́rìn-ín yìí ni."

Háà, ọkàn ọmọbìnrin náà yọ́.

Ilé tó rẹwà jù ni wọ́n dé gbẹ̀yìn. Baba arúgbó kan tó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì yíya yọrí lójú fèrèsé lókè. "Àbíkẹ́yìn mi! Ṣé o ti jẹun?"

Ilé baba ọmọbìnrin náà ni. Iwájú ń dán, àmọ́ nínú, òrùlé ń jò débi pé bọ́kẹ́ẹ̀tì pọ̀ ju àga lọ. Ojú tì í níwájú ọ̀dọ́mọkùnrin yìí.

"Olùṣọ́ ni," ó sọ fún un. "Àwọn onílé ò sí nílé."

Ẹyin lọ̀rọ̀. Baba gbọ́. Ó rọra pa fèrèsé dé. Kò bá a wí nígbà tó délé, bẹ́ẹ̀ ìbáwí ìbá tiẹ̀ sàn. Àmọ́ láti ọjọ́ náà, kò pè é láti òkè mọ́.

Ìfẹ́ àwọn méjèèjì ń jinlẹ̀ sí i. Lọ́jọ́ kan, ayàwòrán ní, "Ìfẹ́ mi, ìyá mi ní àfi kí n kọ́kọ́ rí àwọn òbí ẹ. Mú mi lọ."

Ọmọbìnrin náà ò lè kọ̀. Ó mú un lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wọ́lẹ̀. Ó kanlẹ̀kùn.

Baba ṣí i. Ó rí àlejò, ó wo ojú ọmọ rẹ̀, ló bá yára ń fi àkísà nu ilẹ̀kùn.

"Ẹ káàbọ̀, sà. Àwọn onílé ò sí nílé o. Olùṣọ́ lèmi."

Baba ń purọ́ kí òun ọmọ rẹ̀ má bàa tẹ́! Ìtìjú bo ọmọbìnrin náà, ó kúnlẹ̀ wìì, ẹkún gbẹnu rẹ̀.

"Bàbá mi nìyí! Èmi ni mo sọ wọ́n di olùṣọ́. Bàbá mi, ẹ foríjì mí."

Ayàwòrán yíjú sí i. "Ó dùn mí pé o fi bàbá ẹ pa mọ́ fún mi," ó ní. Lòun náà bá kúnlẹ̀ tì í. "Bàbá, ọmọ yín ni mo wá tọrọ."

Baba ju àkísà sílẹ̀.

"Ẹ dìde, ẹ wọlé. Àwọn onílé ti dé. Ẹ ṣáà má fẹsẹ̀ gbá bọ́kẹ́ẹ̀tì."

Ọmọbìnrin náà ò lè gbójú sókè. Baba ló fà á lọ́wọ́ wọlé.