Orin Bogna Tí Kò Ní Fèrè

Ọmọbìnrin náà ń fi ìka lu gíláàsì fèrèsé ọkọ̀ irin ìgboro, ó dijú bí ẹni pé kò sí èrò mìíràn nínú ọkọ̀ náà àfi òun. Yìnyín ń bọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lójú pópó Katowice, ìlú èédú kan ní Poland. Olúkúlùkù káwọ́ sápò, wọ́n ń wolẹ̀. Òun nìkan ló dé fìlà pupa fòò, òun nìkan ni ètè rẹ̀ ń mì sí orin tí ẹlòmíràn kò gbọ́.

Seweryn dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó há àpótí fèrè mọ́ abíyá. Iṣẹ́ ìwakùsà èédú lábẹ́ ilẹ̀ ló ti ń bọ̀. Eruku èédú ṣì yí ojú rẹ̀ ká bíi tìróò, nítorí eruku yẹn kì í gbọ́ ti ọṣẹ. Ó tẹ́tí sí ohun tí ọmọbìnrin náà ń lù. Kì í ṣe ìlù agbègbè wọn. Ó ń yọ́ rìn, á ṣe bí ẹni fẹ́ ṣubú, á tún nàró. Kí Seweryn tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti ń fi èékánná dá a lóhùn lára àpótí.

Ọmọbìnrin náà lajú. "Ẹ̀yin lẹ ń dá sí orin mi?"

"Ẹ má bínú. Mo rò pé àyè wà níbẹ̀ ni."

"Èmi ni mo fi àyè sílẹ̀. N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni wọlé." Ó wò ó lójú dáadáa, ó wá bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé tìróò lẹ lé ni?"

"Èédú ni."

"Ó yẹ yín. Ẹ má fọ̀ ọ́ kúrò."

Ọkọ̀ kọjá ibi tí Seweryn ì bá ti sọ̀. Ó ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Bogna ni wọ́n ń pè é, ọmọ Gdynia, létí òkun. Àbúrò bàbá rẹ̀ tó jẹ́ atukọ̀ máa ń ra rẹ́kọ́ọ̀dù sáńbà bọ̀ láti Brazil, orin yẹn ló sì fi ń sùn, tó fi ń jí ní kékeré. Nígbà tó dé Katowice láti kọ́ nípa orin, ó kó àwọn ọ̀rẹ́ jọ: Kajetan tó ń tẹ dùùrù bí àwọn oníjáàsì, onígìtá kan, onílù kan. Wọ́n sọ ẹgbẹ́ wọn ní Lipiec, orúkọ oṣù keje, oṣù tí oòrùn máa ń rántí wọn. Fèrè nìkan ni wọn kò ní, ó sì ní kí Seweryn wá.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí Seweryn bá wọn fun ún, Kajetan gbé ọwọ́ kúrò lórí dùùrù. "Ta ló kú?"

Òótọ́ sì ni. Ẹgbẹ́ afunfèrè àwọn awakùsà ni Seweryn ti kọ́ṣẹ́, orin ìsìnkú ni wọ́n sì máa ń fun jù.

Bogna sún mọ́ ọn. "Seweryn, má fun ún bí ẹni tó ń tẹ̀lé pósí. Fun ún bí ẹni tó ń tẹ̀lé obìnrin."

"Obìnrin wo?"

"Wá a rí fúnra rẹ."

Ó tún fun ún. Lọ́tẹ̀ yìí, Kajetan dá ọwọ́ padà sórí dùùrù. Bogna sì gbàgbé láti kọ orin tirẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, Seweryn mú un lọ sílé bàbá rẹ̀. Alojzy ni olórí ẹgbẹ́ afunfèrè ibi ìwakùsà náà, opó ọkùnrin tí irùngbọ̀n rẹ̀ le bíi búrọ́ọ̀ṣì. Ó se ẹran wíwé àti ìṣù ọ̀dùnkún rogodo, ó bu kábéèjì pupa sí i, ó gbé e ka iwájú àlejò. Kò rẹ́rìn-ín.

"Ọmọ mi ń ṣiṣẹ́ abẹ́ ilẹ̀," ó ní. "Ẹni tó bá ń wọ abẹ́ ilẹ̀ gbọ́dọ̀ sùn. Ẹ̀yin wá ń fà á kiri bí ewúrẹ́ ọjà."

"Bàbá, ẹ ti gbọ́ orin wa rí?"

"Mo gbọ́. Ó dà bí ọ̀mùtí tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn."

Bogna na àwo rẹ̀ sí i. "Ẹ bù kún un fún mi, Bàbá. Àríyànjiyàn yìí á pẹ́, n kò sì lè fi ebi jà."

Irùngbọ̀n Alojzy mì díẹ̀. Ó bù kún un. Ṣùgbọ́n bí ọmọbìnrin náà ti lọ tán, ó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé, "Ẹyẹ etí òkun ni. Kò ní dúró síbí."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Seweryn lára ju bó ti yẹ lọ.

Lipiec ń gbòòrò. Wọ́n kọrin ní ilé ìgbafẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n kọrin nínú gbọ̀ngàn àwọn awakùsà. Nígbà tí wọ́n kọrin níbi àjọ̀dún orin ìgbà ooru, àwọn èrò dìde dúró nínú òjò, kò sẹ́ni tó ṣí agbòjò, kí ti iwájú má bàa dí ti ẹ̀yìn lójú. Lọ́jọ́ yẹn ni Bogna fẹnu ko Seweryn lẹ́nu lẹ́yìn pèpéle, fèrè ṣì wà láàárín àyà àwọn méjèèjì.

"Ó ń gún mi," Bogna ní.

"Ṣé kí n gbé e kúrò?"

"Rárá. Bó ṣe ń gún mi ni mo fi mọ̀ pé kì í ṣe àlá."

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ọkùnrin kan tó ń ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù wá láti Warsaw. Seweryn ló pè sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ohùn Bogna la fẹ́," ó ní. "Àwa ní àwọn olórin tiwa. Ṣùgbọ́n kò ní gbà láé níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ fọkàn rò ó. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé orí rẹ̀ ga ju ibí lọ."

Seweryn rò ó títí. Ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ ń padà wá sí etí rẹ̀. Nígbà tó tún rí Bogna, ó ní Lipiec ti sú òun, ó ní iṣẹ́ èédú àti àwọn afunfèrè bàbá òun tó òun.

"Wò mí lójú kí o sọ ọ́," Bogna ní.

Ó wò ó lójú. Ó sọ ọ́.

Bogna kò sunkún. "Ó dáa," ó ní. Ó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Warsaw.

Ẹgbẹ́ náà túká bí èéfín. Kajetan lọ ń tẹ dùùrù nínú ọkọ̀ ojú omi fún àwọn arìnrìn-àjò. Orúkọ Bogna gba gbogbo Poland kan, rédíò kò sì jẹ́ kí orin rẹ̀ sinmi. Ẹ̀rọ ló ń lùlù fún un báyìí, gbogbo rẹ̀ ń dán, ó mọ́, ó sì tutù. Seweryn á pa rédíò. Alojzy, tí eruku èédú ti lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́, á tún un tàn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, bàbá náà gbé ìka sókè. "Níbí yìí ló yẹ kí fèrè wọlé. Kí ló dé tí kò wọlé?"

Ojú Seweryn pọ́n. Ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Alojzy gbọ́ ọ tán, ó húkọ́ pẹ́.

"O purọ́ fún un nítorí ire rẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ó rán ọ níṣẹ́ bẹ́ẹ̀?"

Seweryn nawọ́ láti pa rédíò, bàbá rẹ̀ gbá ọwọ́ náà kúrò.

"Ẹni tó ń bá ẹlòmíràn pinnu láìbi í, ọ̀gá ni, kì í ṣe olólùfẹ́. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé ọ̀gá lèmi náà."

Nígbà tí Bogna wá kọrin ní Zabrze, ìlú tí kò jìnnà sí Katowice, Alojzy wọ aṣọ dúdú oyè awakùsà rẹ̀, ó dé fìlà oníyẹ̀ẹ́ funfun, ó sì gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé. Àwọn aṣọ́nà rò pé ó wà lára eré náà ni, wọ́n kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Bogna dìde nígbà tó rí i.

"Bàbá! Ṣé kò sí o?"

"Ọmọ mi purọ́ fún ọ," ó ní. Ó rò fún un bí ó ti ṣẹlẹ̀.

Bogna jókòó. "Kí ló dé tí kò fi wá fúnra rẹ̀?"

"Òmùgọ̀ ni. Mo sa ipá mi lórí rẹ̀. Ọ̀la ni ọjọ́ Barbara Mímọ́, alábòójútó àwa awakùsà, a ó máa fun fèrè jí àdúgbò láàárọ̀. Bí o bá fẹ́ nà án, ibẹ̀ ni o ti máa rí i. N kò ní dá sí i."

Ní àfẹ̀mọ́jú, àwọn afunfèrè ń lọ láàárín àwọn ilé bíríkì pupa, èémí wọn ń rú lójú òtútù. Bogna dúró sí àárín ọ̀nà. Seweryn rí i, fèrè sì já gèé lẹ́nu rẹ̀. Àwọn yòókù dánu dúró lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ta ló ní kí o bá mi yan ayé mi?" Bogna kígbe.

"Mo fẹ́ kí o ga ni."

"Mo ga! Mo ga débi pé n kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Gbogbo àkókò yìí ni mo fi rò pé irọ́ ni ìfẹ́ rẹ."

"Bogna, mo ṣẹ̀ ọ́. Jọ̀ọ́, dárí jì mí."

"N kò tíì fẹ́ gbọ́ 'dárí jì mí'. Bi mí ní ohun tó yẹ kí o ti bi mí lọ́jọ́ yẹn."

Seweryn gbé fèrè mọ́ abíyá. "Ṣé o fẹ́ lọ láìsí mi?"

"Rárá." Omijé wá bọ́ lójú rẹ̀. "Ṣé o rí bí ìdáhùn náà ṣe kúrú tó?"

Seweryn gbá a mọ́ra níbẹ̀. Bàbá àgbà kan yọrí lójú fèrèsé òkè, ó ní, "Ṣé ẹ máa jí wa ni, àbí kí n padà lọ sùn?"

Bogna parí iṣẹ́ tó kù tó ti ṣèlérí fún àwọn ará Warsaw, ó sì kọ̀ láti tún bá wọn ṣe òmíràn. Kajetan sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi, ó padà sídìí dùùrù wọn. Seweryn fi iṣẹ́ abẹ́ ilẹ̀ sílẹ̀. Rẹ́kọ́ọ̀dù tuntun tí Lipiec ṣe kò tà tó èyí tí Bogna dá ṣe, rédíò kò sì fi bẹ́ẹ̀ gbé e sáfẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n ní àwọn ìlú kéékèèké, gbọ̀ngàn ń kún, àwọn tọkọtaya sì ń di ara wọn mú nígbà tí fèrè bá wọlé.

Ní ọ̀nà Kielce, nínú ọkọ̀ tí ẹrù wọn kún dẹ́nu, Seweryn yíjú sí Bogna. "Mo tún ní ìbéèrè kan, n kò sì ní bá ọ dáhùn rẹ̀. Ṣé wàá fẹ́ mi?"

Bogna ń wo oko ọkà ràì tó ń kọjá lọ. Ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

"Jọ̀ọ́, dá a lóhùn," Kajetan ní láti ẹ̀yìn. "Ọkùnrin yìí ló ń wa ọkọ̀, kò sì wo ọ̀nà mọ́."

Ìgbà ìkórè ni wọ́n ṣègbéyàwó. Ṣọ́ọ̀ṣì kún. Alojzy jókòó síwájú, ó ń húkọ́ sínú fìlà oníyẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àlùfáà bi Seweryn bóyá ó fẹ́ obìnrin yìí, ó sì ti ní bẹ́ẹ̀ ni kí ìbéèrè tó parí, àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló kan Bogna. Ó wo ọkọ rẹ̀, ó wo àna rẹ̀, ó mí kanlẹ̀, kí ó lè dá gbogbo wọn lójú pé òun fúnra òun ló ń dáhùn. Ó sì dáhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni."