Ta Ló Fọ Àmù Irakli?

Nígbà tí Jumber fi ọkọ́ họ yẹ̀pẹ̀ orí àmù náà kúrò, tó bẹ amọ̀ tí wọ́n fi lẹ ẹnu rẹ̀, tó sì gbé òkúta ìdérí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, gbogbo èèyàn na ọrùn wò ó. Inú ilẹ̀ ni wọ́n ri àmù náà sí títí dé ọrùn, bí wọ́n ṣe ń ṣe gbogbo àmù wáìnì ní agbègbè Kakheti. Ọdún tí wọ́n bí Irakli, ọmọ Jumber, ni wọ́n rọ wáìnì sínú èyí, tí wọ́n sì dé e pa, pé ọjọ́ tó bá fẹ́yàwó ni wọ́n máa mu ún. Ọjọ́ Àbámẹ́ta nìyí, ọ̀la sì ni ìgbéyàwó. Àwọn àna ti mú ife dání. Jumber na ahá tí wọ́n so mọ́ igi gígùn sínú àmù, ahá náà ró gbà nísàlẹ̀, nígbà tó sì fà á jáde, ó gbẹ táútáú.

"Olè!" Jumber ké. "Olè ti jà mí o! Wọ́n ti gbé wáìnì ọmọ mi lọ!"

Ìnsípẹ́kítọ̀ Malkhaz Gotsiridze wà lẹ́bàá ògiri, ó ń fẹ́ èémí sọ́wọ́ nítorí òtútù. Ní Tbilisi, olú ìlú wọn, òun ni wọ́n máa ń pè bí ọ̀ràn bá ta kókó. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀ràn ló gbé e wá síbí. Òun àti Nestan ìyàwó rẹ̀ wá fi òpin ọ̀sẹ̀ sinmi ni, nítorí Jumber a máa gba àlejò sílé nígbà òtútù, nígbà tí àjàrà ti wọ́wé, tí yìnyín ti bo òkè, tí èèyàn kò níṣẹ́ méjì ju kó yáná, kó jẹ, kó mu lọ.

Nestan fà á létí. "Má dá sí i. Ìsinmi tó kọjá, òkú ló bà á jẹ́. Èyí tó ṣáájú rẹ̀, àwọn adigunjalè. Mo bẹ̀ ọ́, má jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ọlọ́pàá ni ọ́."

"Mo ti sọ fún wọn lálẹ́ àná."

"Mo mọ̀ pé wàá ti sọ ọ́. Àní bí o bá ti mu ife kejì báyìí, kò sẹ́ni tí kò ní mọ iṣẹ́ rẹ."

Kó tó fèsì, Omari, aládùúgbò Jumber, ti nàka sí ọ̀dọ́mọkùnrin kan láàárín àwọn àna. "Kí la tún ń wá kiri? Beso nìyẹn! Beso ló gbé e!"

Beso ni ẹ̀gbọ́n Tekla, ìyàwó tí Irakli fẹ́ gbé. Òun ló bá wọn kórè àjàrà lọ́dún tó kọjá, inú ilé yìí ló sì sùn títí ìkórè fi parí. Kí ó tó lanu, àwọn ẹ̀gbọ́n ìdílé ọkọ ti dì í mú, wọ́n tì í mọ́ yàrá igi ìdáná. Tekla dúró sójú kan, kò sunkún. Ó kọjú sí Jumber.

"Bàbá, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Bí Beso bá wọ ọkọ̀ ọlọ́pàá, èmi ò ní wọ aṣọ ìyàwó."

Jumber wolẹ̀.

Malkhaz pe àgọ́ ọlọ́pàá agbègbè náà lórí fóònù. Wọ́n ní yìnyín ti dí ọ̀nà, ọkọ̀ ò lè gòkè wá. Wọ́n ní níwọ̀n ìgbà tí ọ̀gá ti wà níbẹ̀, kí ọ̀gá bá àwọn bójú tó o, àwọn á wá gbé olè náà lọ́jọ́ Ajé. Malkhaz fẹ́ ju fóònù mọ́ ògiri. Irakli wá bá a, ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Ọ̀gá, ẹ gbà mí. Mi ò lè bá bàbá mi jà, mi ò sì lè pàdánù Tekla."

Kí ni ọkùnrin fẹ́ sọ sí irú ẹ̀bẹ̀ yẹn? Malkhaz wo Nestan. Nestan gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó lọ jókòó nídìí iná.

Omari ni ó kọ́kọ́ dojú kọ, ìyẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́ di wèrè.

"Kí lẹ rí gan-an?"

"Ẹ kọ́kọ́ gbé ife ná."

"Ìbéèrè ni mo bi yín, ẹ̀gbọ́n."

"Ta ní ń fi ọ̀fun gbígbẹ jẹ́rìí, ọ̀gá mi? Ó yá, fún àlàáfíà!"

Omari wúre fún àlàáfíà, ó wúre fún ilẹ̀ baba wọn, ó wúre fún àwọn ìyá, ife kan sì ni wọ́n ń mu sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó fi máa kan àwọn òkú, Malkhaz alára ti ń múra àtidi ọ̀kan nínú wọn. Lẹ́yìn náà ni ẹlẹ́rìí wá nu irùngbọ̀n rẹ̀.

"Lẹ́yìn ìkórè, mo rí Beso tó gbé kẹ́ẹ̀gì méjì jáde nílé yìí, ó kó wọn sínú ọkọ̀ rẹ̀. Kó tó dìgbà náà, gbogbo wa la gbọ́ ọ lóko pé òun á ti mu wáìnì Irakli gbẹ kí ìgbéyàwó tó dé. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?"

"Kí ló wà nínú kẹ́ẹ̀gì?"

"Ṣé èmi ni mo dé e ni?"

"Kẹ́ẹ̀gì méjì lè gba wáìnì tó wà nínú àmù tí èèyàn lè dúró sí?"

Omari ronú díẹ̀, ó tún bu ọtí. "Ó ṣeé ṣe kó padà wá."

Nínú yàrá igi, Beso ń gbọ̀n. Inú ń bí i ju bí òtútù ṣe ń mú un lọ. "Ọ̀gá, ọ̀rọ̀ tí mo sọ lóko yẹn, eré ni. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọtí kíkan ló wà nínú kẹ́ẹ̀gì yẹn! Màmá Pelagia ló fún mi, pé kí n gbé e fún ìyá mi kó fi rẹ aáyù. Ẹ bi wọ́n léèrè!"

Màmá Pelagia ni ìyá Jumber, arúgbó kékeré kan tí kì í kúrò nídìí ààrò. Malkhaz bá a níbẹ̀. Ó béèrè bóyá Màmá ló fún Beso ní ọtí kíkan. Màmá wo ẹnu ọ̀nà. Jumber dúró níbẹ̀, ó di igi ìdáná mọ́ra.

"Arúgbó ni mí, ọmọ mi," ni Màmá wí. "Mo máa ń gbàgbé nǹkan." Ó ti àwo aáyù sún mọ́ ọn. "Jẹ aáyù."

"Màmá, ọmọ ọlọ́mọ máa sùn lẹ́wọ̀n."

Arúgbó náà mú aáyù kan fi sí i lọ́wọ́. "Mo ní kí o jẹ aáyù."

Aáyù! Láti alẹ́ ọjọ́ Ẹtì tí wọ́n ti dé, Malkhaz kò tíì rí oúnjẹ kan nínú ilé yìí tí kì í ṣe pé wọ́n rẹ ẹ́ sínú ọtí kíkan: aáyù, tòmáàtì tútù, ata, kábéèjì. Kò sí ilé kan lábúlé náà tí Màmá kò gbé ìgò kún láti ìgbà ìkórè. Omari tiẹ̀ ti ráhùn pé ìyàwó òun kò rí àyè tẹ́ ẹsẹ̀ sí mọ́ nínú yàrá oúnjẹ. Ìnsípẹ́kítọ̀ bọ́ síta. Ó sú u. Àwọn tó fẹ́ sọ̀rọ̀ kò mọ nǹkan kan, àwọn tó mọ nǹkan ń bọ́ ọ ní aáyù.

Ó padà sídìí àmù náà, ó dojú bolẹ̀, ó tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kankan kò sí nísàlẹ̀. Ara àmù mọ́ yòò, òórùn imí ọjọ́ sì rọra ń jáde láti inú rẹ̀. Ó pe Irakli.

"Báwo lẹ ṣe ń fọ irú èyí?"

"Iṣẹ́ ńlá ni, ọ̀gá. Èèyàn á wọ inú rẹ̀ tòun ti ìgbálẹ̀ èèpo igi. A ó fi omi eérú fọ̀ ọ́, a ó ṣàn án títí omi rẹ̀ á fi ṣeé mu, lẹ́yìn náà la ó wá sun imí ọjọ́ sínú rẹ̀. Ọjọ́ kan gbáko ló máa gbà."

"Ẹ ò lè fi í sílẹ̀ di ìgbà míì?"

Irakli wò ó bí ẹni tó bi í bóyá wọ́n lè fi òkú sílẹ̀ láìsin. "Àmù á bàjẹ́ nìyẹn! Bàbá mi ò lè fojú kan oorun bí àmù tó dọ̀tí bá wà nílé."

Malkhaz dìde, ó gbọn yẹ̀pẹ̀ kúrò ní orúnkún. Ó ti mọ ẹni tó fọ àmù náà. Ìdí rẹ̀ ni kò mọ̀, ìyẹn ló sì ń bí i nínú jù. Èwo ni kí ọkùnrin jí wáìnì ara rẹ̀, kó tún máa pariwo olè?

Nestan ṣì jókòó nídìí iná, ó ń fi ìbínú bó aáyù jẹ. Malkhaz jókòó tì í. Ó ti múra sílẹ̀ fún èébú.

"Mo kórìíra rẹ," ni Nestan wí, "ṣùgbọ́n mi ò lè fi aáyù yìí sílẹ̀. Ìyá mi rẹ aáyù títí ó fi kú, kò rẹ irú èyí rí. Ọtí kíkan ọjà kọ́ nìyí. Wáìnì gidi ló kan báyìí. Wáìnì àtijọ́. Mo lè búra pé ó ti wà ká tó fẹ́ra wa."

Malkhaz tẹjú mọ́ àwo náà. Lẹ́yìn náà ó fẹnu ko ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu, tòun ti aáyù.

Nígbà oúnjẹ ìrọ̀lẹ́, ó ní kí wọ́n mú Beso wá, kí wọ́n fi í jókòó sídìí tábìlì pẹ̀lú gbogbo ẹbí. Omari ti ń gbé ife, Malkhaz fọwọ́ dá a dúró.

"Ẹ jọ̀ọ́, lónìí èmi ni mo máa wúre. Mo gbé ife yìí fún ẹni tó fọ àmù Irakli."

Kò sẹ́ni tó gbé ife tirẹ̀. Jumber ń ya búrẹ́dì sí wẹ́wẹ́, kò sì jẹ ẹ́.

"Olè tó bá wọlé á fa ọtí, á sì sá lọ," ni Malkhaz wí. "Olè wo ló máa dúró fọ ìkòkò onílé? Ta ló máa wọ inú àmù, táá gbo ara rẹ̀, táá ṣàn án, táá sun imí ọjọ́, táá wá dé e padà, táá fọwọ́ dán amọ̀ orí rẹ̀? Ẹni tó ni ín ni. Ẹ̀yin ni, Jumber. Ẹ lè purọ́ fún àna yín, ẹ lè purọ́ fún ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n ẹ ò lè fi àmù tó dọ̀tí sílẹ̀."

Jumber dìde fùú. "Ṣé orí ọ̀gá pé báyìí? Kí ni mo fẹ́ fi wáìnì ara mi ṣe?"

"Ìyẹn ló dà mí láàmú. Mo wá rántí pé wáìnì kì í pòórá. Bí ẹ bá mu ún, abúlé á gbọ́. Bí ẹ bá tà á, abúlé á gbọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti kan, ńkọ́?" Malkhaz gbé àwo aáyù, ó gbé e síwájú Irakli. "Wáìnì rẹ nìyí, ọmọ mi. A ti ń jẹ ẹ́ láti ọjọ́ Ẹtì. Gbogbo abúlé ló ń jẹ ẹ́. Kẹ́ẹ̀gì méjì péré ni Beso gbé nínú rẹ̀, ẹ̀bùn ló sì jẹ́."

Màmá Pelagia bú sẹ́kún. "Irú wáìnì yẹn! Ta ló fẹ́ dà á nù? Ọwọ́ mi ò gbà á. Ọmọ mi ní kí n má sọ, mi ò sì sọ. Ṣùgbọ́n láti àná ni mo ti ń gbé e fún un yín, ẹ kàn ń jẹ ẹ́ lọ ni!"

Gbogbo ojú yí sí Jumber. Ó rọra jókòó, ó sì dà bíi pé ọjọ́ orí rẹ̀ lé sí i lójú wọn.

"Ọdún tí mo lọ ṣiṣẹ́ bíríkìlà ní Poland ni," ó ní. "Ọ̀gbẹlẹ̀ mú, kò sẹ́ni tó ń bu omi sí amọ̀ orí rẹ̀. Amọ̀ sán, afẹ́fẹ́ wọlé. Mo ṣí i lẹ́yìn ìkórè tó kọjá kí n lè tọ́ ọ wò, ó ti kan. Èmi! Èmi tí gbogbo àdúgbò ń wá bá kí n bá wọn tọ́ tiwọn wò! Wọ́n á ní wáìnì ìbí ọmọ mi kan, ilé ọmọ mi náà á kan. Mo rò pé kí n ṣáà pariwo olè, kí olè náà má lórúkọ. Omari ló wá dárúkọ."

"Ẹ̀yin sì gbọ́ orúkọ náà," ni Malkhaz wí, "ẹ dákẹ́."

"Ikú yá ju ẹ̀sín lọ, ọ̀gá."

"Ikú ta ni? Ẹ ò pe ikú tiyín. Ẹ̀wọ̀n ọmọ ọlọ́mọ lẹ fi ń dí ẹ̀sín yín."

Irakli dìde nídìí tábìlì, ó lọ dúró lẹ́yìn àga Beso. Ìyẹn dun Jumber ju bí ẹni pé ó bú u lọ. Tekla ló sọ̀rọ̀.

"Ṣé ó ṣẹ́ kù níbẹ̀, Màmá?"

"Ìṣà kan ló kù."

"Bàbá, ẹ gbé e wá sórí tábìlì lọ́la, níwájú gbogbo àlejò, kí ẹ fẹnu ara yín sọ ohun tó jẹ́ àti ohun tí ẹ ṣe. Bí ẹ bá sọ ọ́, mo máa wọ aṣọ. Bí ẹ ò bá sọ ọ́, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi á fẹsẹ̀ rin yìnyín yẹn délé."

Lọ́jọ́ kejì, gbogbo abúlé pé. Wọ́n ti ń fi ẹ̀ka àjàrà gbígbẹ sun ẹran níta, òórùn rẹ̀ sì gba ilé kan. Nestan gba fóònù ọkọ rẹ̀, ó pa á, ó sì jókòó lé e. Jumber gbé ìṣà náà jáde fúnra rẹ̀. Ó ṣí fìlà, ó dúró níwájú wọn, ó sì sọ ọ́ láìfi nǹkan kan pamọ́: amọ̀ tó sán, ọtí tó kan, irọ́ tó pa, ọmọ tó fẹ́ fi irọ́ náà bà jẹ́. Ó wá bu ọtí kíkan náà kún ìwo ẹran tí wọ́n fi ń mu wáìnì, ó gbé e fún Beso.

Ọkàn Malkhaz kò balẹ̀. Kò sí òfin kan nínú gbogbo èyí tó mọ̀ tó lè mú ọ̀dọ́mọkùnrin náà gba ìwo yẹn.

Beso gbà á. Ó mu ún tán láìmí. Omi bọ́ lójú rẹ̀, gbogbo ojú rẹ̀ fún pọ̀, kò sì sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

"Ó kan," ó ní. "Ṣùgbọ́n kò kan tó olè tí ẹ pè mí."

Jumber gba ìwo náà, ó bu tirẹ̀ kún, ó gbé e sẹ́nu. Ọtí ń dà sí i láyà. Tekla ti dúró lẹ́nu ọ̀nà nínú aṣọ ìyàwó, ó ń wò wọ́n. Beso sún mọ́ Jumber, ó fọwọ́ gbé ìdí ìwo náà ró fún un, títí bàbá ọkọ àbúrò rẹ̀ fi mu ún tán.